Ohun Tí Ìyá Ọ̀kà Fẹ́

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àkọ́bí mi obìnrin pè mí lórí fóònù. Ó ní òun àti àwọn àbúrò òun fẹ́ para pọ̀ ra nǹkan fún mi, kí ni mo fẹ́? Mo ní ohunkóhun tí wọ́n bá rí. Ó mí kanlẹ̀. Ó ní, "Bàbá, wọn kì í ta ohunkóhun lọ́jà." Mo rẹ́rìn-ín, mo gbé fóònù sílẹ̀, mo sì jókòó fún ìgbà pípẹ́, nítorí pé ohùn ìyá ìyá mi ni mo gbọ́ lẹ́nu ara mi.

Ó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún tí obìnrin náà ti wà nínú ilẹ̀ ní Ìwàrò-Ọ̀kà. Nígbà ìsìnkú rẹ̀, èmi tí mo lọ sí yunifásítì ni wọ́n ní kí n kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ sínú ìwé pélébé tí wọ́n pín ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo kọ ọdún ìbí tí a fojú díwọ̀n, mo kọ iye ọmọ àti ọmọ ọmọ, mo kọ pé ìyá rere ni. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n òun fúnra rẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tún un gbìyànjú, nígbà tí orí mi ṣì pé.

Ìyá Ọ̀kà ni gbogbo wa ń pè é, kí a má baà dà á pọ̀ mọ́ Ìyá Ìkàrẹ́, ìyá tó bí bàbá mi. Ìlú méjèèjì kò jìnnà síra. Bí ọkọ̀ bá gbéra ní Ìkàrẹ́ tó sì kọjá Àkùngbá, ẹni tó ń tòògbé kò ní tíì sùn wọra tí yóò fi dé Ọ̀kà. Ṣùgbọ́n nínú ìdílé wa, ọ̀nà yẹn gùn ju ọ̀nà Èkó lọ. Obìnrin kan jókòó sí ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀, òmíràn jókòó sí òpin rẹ̀, àwa ọmọ ọmọ sì ń sáré láàrin wọn tàwa tẹrù.

Aṣọ kíjìpá ni Ìyá Ọ̀kà ń hun. Òfì rẹ̀ dúró lóòró sára ògiri ọ̀ọ̀dẹ̀, òun á sì jókòó síwájú rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ dá ẹjọ́. Kì í gbójú sókè bí ènìyàn bá wọlé. Ìró ẹsẹ̀ ló fi ń mọ ẹni tó dé, ìró ẹsẹ̀ náà ló sì fi ń mọ̀ bóyá onítọ̀hún gbé nǹkan lọ́wọ́. Ó kúrú, ó dúdú, kì í pariwo. Bí inú bá bí i, á fi èdè Yorùbá ilé-ẹ̀kọ́ tí ó ń sọ fún wa sílẹ̀, á bọ́ sínú ohùn Ọ̀kà pọ́ńbélé, ìgbà yẹn la máa ń mọ̀ pé ó yẹ kí a wá ọ̀nà lọ.

Kò sí ẹni tó mọ ohun tí obìnrin yìí fẹ́. Èyí ló dà bí àrùn nínú ilé wa. Bí Kérésìmesì bá ti ń sún mọ́lé, ìyá mi àti àwọn àbúrò rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í kọ lẹ́tà síra wọn bí àwọn aṣòfin: kí la máa rà fún Ìyá? Bí o bá bi òun fúnra rẹ̀ léèrè, ìdáhùn kan ṣoṣo ló ní. Á ní, "Ẹ̀bùn tí mo bá fẹnu ara mi bèèrè, iṣẹ́ ni mo rán ẹ yẹn."

Nítorí náà a kọ́ láti máa gbọ́ àdúrà rẹ̀ bí àwọn àgbẹ̀ ṣe ń wo ojú ọ̀run. Bí a bá gbé nǹkan fún un, á wò ó, á ní, "Ó dára," á sì gbàdúrà. Inú àdúrà ni ìdájọ́ wà. Bí nǹkan náà bá wọ̀ ọ́ lójú díẹ̀, àdúrà á dé orí iṣẹ́ wa, á dé orí ọ̀nà tí a ó bá padà, á kan ọmọ tí a kò tíì bí. Bí kò bá wọ̀ ọ́ lójú, "Ọlọ́run á gbọ́" ni, ó tán, ó ti padà sídìí òfì. Fúnkẹ́, ọmọ àbúrò ìyá mi tó ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀, búra pé òun ti gbọ́ àdúrà kan rí tó gùn débi pé ọbẹ̀ jóná lórí iná. Ọkùnrin kan tó bá a fa ewúrẹ́ rẹ̀ tó sọnù wálé ló gba ti ọjọ́ náà. Àwa tí a ń náwó kò gba irú rẹ̀ rí. Bí mo bá ń jáde, Fúnkẹ́ á dúró dè mí lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀gbọ́n, ibo ló dé lónìí?"

"Ọlọ́run á gbọ́."

"Háà. Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Kò burú, ọdún ń yí po."

Ohun tó jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà máa dùn mí ni pé òun mọ ẹ̀bùn í fún ènìyàn, ó mọ̀ ọ́n ju gbogbo wa lọ. Nígbà tí mo ń lọ sí yunifásítì, àwọn ènìyàn fún mi ní bíbélì mẹ́ta, táì méjì, àti ìmọ̀ràn tí n kò lè kà tán. Ìyá Ọ̀kà fún mi ní kíjìpá kan, ó nípọn, ó wúwo, àwọ̀ rẹ̀ kò sì fa ojú mọ́ra. Mo tì í sí ìsàlẹ̀ àpótí. Nígbà tó yá, tí mo dé yàrá tí wọ́n fún mi, tí mo bá fèrèsé tí kò ní gíláàsì, tí òjò sì ń fẹ́ wọlé sórí bẹ́ẹ̀dì mi, aṣọ yẹn ni mo ta sí ojú fèrèsé fún odindi sáà kan. Kò jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan wọlé. Nígbà tí mo padà wálé, mo sọ fún un, mo ní báwo ni ẹ ṣe mọ̀? Kò gbójú kúrò lára òwú. Ó ní, "Ilé ìjọba ni. Ilé ìjọba kì í ní fèrèsé tó pé."

Ibẹ̀ ni mo ti ṣe ìpinnu mi. Mo ní kí obìnrin yìí tó kú, mo máa fún un ní ohun kan, ẹyọ kan péré, tí ó fẹ́ ní tòótọ́. Ọmọ ogún ọdún ló ń sọ bẹ́ẹ̀. Mo rò pé owó nìkan ni n kò ní.

Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣì jẹ́ tuntun nígbà tí mo jáde, wọ́n sì ń wá olùkọ́ kiri bí ẹni ń wá omi lẹ́ẹ̀rùn. Mo rí iṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Àkúrẹ́. Ẹ mọ̀ pé owó oṣù àkọ́kọ́ kì í ṣe ti ẹni tó gbà á. Ti àwọn àgbà ni, kí wọ́n lè fi ẹnu wọn sí ìyókù. Ìyá mi pè mí síkọ̀kọ̀ kí n tó ná an.

Ó ní, "Ohun tí o bá rà fún ọ̀kan, ra irú rẹ̀ fún èkejì. Irú kan náà, àwọ̀ kan náà. Má jẹ́ kí tẹnì kan fi ìka kan ga ju tẹnì kejì lọ."

Mo ní, "Màmi, ṣé ọmọdé ni wọ́n ni?"

Ó ní, "Ọmọdé ì bá sàn. Èmi ni mò ń gbé láàrin wọn, ìwọ kọ́."

Mo ra rédíò méjì, aláwọ̀ pupa, bákan náà bí ìbejì. Ìkàrẹ́ ni mo kọ́kọ́ yà. Ìyá Ìkàrẹ́ ga, ó pupa, ó sì lẹ́nu. Òun kì í fi ohun tó fẹ́ pamọ́ fún ẹnikẹ́ni: bí ó bá fẹ́ bàtà, á na ẹsẹ̀ rẹ̀ sí ọ. Ó gba rédíò, ó gbé e sétí bí ẹni gbé ọmọ tuntun, ó jó yí àgbàlá po, ó pe gbogbo ilé. Inú mi dùn. Mo wọ ọkọ̀, mo dé Ọ̀kà, mo gbé èkejì kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ òfì.

Ìyá Ọ̀kà wò ó. "Ó dára. Ti ìyá rẹ ní Ìkàrẹ́ ńkọ́?"

Mo fi ìgbéraga dáhùn pé, "Irú rẹ̀ gan-an ni mo rà fún wọn, Ìyá. Kò sí ìyàtọ̀ kankan."

"O ṣeun, ọkọ mi. Ọlọ́run á gbọ́."

Nígbà tí n óò fi tún dé lẹ́yìn oṣù kan, rédíò náà ti wà lọ́wọ́ Làdáànì, bàbá arúgbó tó ń pe ìrun ní mọ́ṣáláṣí kékeré tó wà lẹ́yìn ilé. Ṣọ́ọ̀ṣì ni Ìyá Ọ̀kà ń lọ o. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ sunkún. Làdáànì fúnra rẹ̀ ló wá kí mi, ó di ọwọ́ mi mú, kò fẹ́ fi sílẹ̀. Ó ní aago òun ti kú láti ọjọ́ pípẹ́, ojú òun kò sì rí òjìji oòrùn dáadáa mọ́. Ó ti tó ọdún kan tí òun ń tètè pe ìrun tàbí tí òun ń pẹ́ ẹ pè, àwọn ọ̀dọ́ sì ti ń kùn pé kí àwọn fi ẹlòmíràn rọ́pò òun. Rédíò máa ń sọ aago. Kò sí ẹni tó tún kùn mọ́. Òun kò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa aago náà rí, ó ní, kò yé òun bí ìyá náà ṣe mọ̀.

Mo wọlé lọ bá a, mo ní, "Ìyá, owó oṣù mi àkọ́kọ́ ni mo fi ra rédíò yẹn fún yín."

Ó ní, "Mo mọ̀. Ẹ̀bùn kì í ṣìnà, ọkọ mi. Ìgbà mìíràn, ilé kejì ló ń lọ."

Bó ṣe ń rí nìyẹn. Bàtà tí ìyá mi rà bá ẹsẹ̀ ìyàwó olùkọ́ ìjọ mu. Fúláàsì omi gbígbóná lọ sọ́dọ̀ obìnrin kan tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Ẹnikẹ́ni kò lè ra aṣọ fún un, nítorí pé òun ló mọ ohun tí aṣọ jẹ́. Fúnkẹ́ dán an wò lọ́dún kan. Ó ra àǹkárá olódòdó, ó gbà pé òun ti jàre wa. Ìyá Ọ̀kà na etí aṣọ náà sí oòrùn, ó fi àtàǹpàkò ra á, ó wò ó látòkè délẹ̀, ó sì bi Fúnkẹ́ ní ìbéèrè jẹ́jẹ́ pé, "Aṣọ náà dà?"

Ẹ má rò pé ó fẹ́ràn láti máa kàn wá lábùkù. Mo wò ó dáadáa ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Bí a bá ń tú ẹrù sílẹ̀ níwájú rẹ̀, ọwọ́ rẹ̀ á dá dúró lórí òfì, ojú rẹ̀ á là bí ojú ọmọdé. Lẹ́yìn náà ni á rí nǹkan ọ̀hún, ojú náà á sì padà sí bó ṣe wà. Lílà ojú yẹn, tí kì í pẹ́, ni mò ń wá kiri ọjà Àkúrẹ́.

Fúnkẹ́ ló gbà mí nímọ̀ràn tó kó mi sí wàhálà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ti ka ìwé jù. Ohun tí Ìyá fẹ́ kò le. Ohun tí Ìyá Ìkàrẹ́ kò ní ni."

Kí ọ̀rọ̀ Fúnkẹ́ tó yé yín, mo gbọ́dọ̀ sọ ti iṣu.

Ìjà àwọn obìnrin méjèèjì dàgbà jù mí lọ. Lọ́jọ́ ìdána ìyá mi, àwọn ará ilé bàbá mi ru ẹrù láti Ìkàrẹ́ wá sí Ọ̀kà. Iṣu méjìlélógójì ni àṣà béèrè. Ìyá Ìkàrẹ́ ló fọwọ́ ara rẹ̀ ka iṣu náà nílé kí wọ́n tó gbéra. Ìyá Ọ̀kà tún un kà nígbà tí wọ́n dé, ó sì kéde níwájú àna, níwájú àlejò, pé mọ́kànlélógójì ni òun bá. Ọ̀kan dín. Wọ́n tún un kà, mọ́kànlélógójì náà ni. Wọ́n fi ẹ̀rín bò ó, ìgbéyàwó sì wáyé, nítorí kò sí ẹni tó ń torí iṣu kan dá ìyàwó padà. Ṣùgbọ́n kí àwọn ará Ìkàrẹ́ tó padà délé, àwọn ìyàwó ilé ti sọ Ìyá Ìkàrẹ́ ní orúkọ. Ó-Dín-Kan. Orúkọ náà wọ ọjà, ó wọ ẹgbẹ́ ìyá ìjọ. Obìnrin tó ní gbogbo ẹnu ayé yìí, ẹnu rẹ̀ á wọlé bí ó bá gbọ́ ọ. Mo ti rí i pẹ̀lú ojú mi tó fi ọjà sílẹ̀ nítorí ẹnì kan sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀. Ohun gbogbo tó bá fẹ́ ló máa ń sọ, àti èyí náà: "Mi ò fẹ́ aṣọ, mi ò fẹ́ góòlù. Kí ìyá yín tó wà ní Ọ̀kà sọ fáyé pé iṣu mi pé. Ìyẹn ni mo fẹ́."

Bí ìkómọ tàbí ìsìnkú bá kó wọn pọ̀, wọ́n á kúnlẹ̀ lórí ahọ́n fún ara wọn.

"Ìyá Ìkàrẹ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa ka àwo wọ̀nyí. Ẹ̀yin lẹ mọ nǹkan kà."

"Mo ti kà á, àna mi àtàtà. Ẹ dìde díẹ̀ ná, kí n wo abẹ́ ìdí yín, bóyá ó máa pé."

Bàbá mi á bú sẹ́rìn-ín bí ẹni tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ gún, ìyá mi á sá lọ sílé ìdáná.

Nítorí náà mo tẹ̀ lé ìmọ̀ràn Fúnkẹ́. Ọyẹ́ mú gan-an lọ́dún yẹn, òkè tó yí Ọ̀kà ká funfun bí ẹni pé wọ́n fi eérú kùn ún. Mo ra kúbùsù kan, ẹyọ kan péré. Mo kọjá Ìkàrẹ́ láì yà. Ìyá Ọ̀kà gbà á, ó fi ọwọ́ tẹ̀ ẹ́, ó jù ú sí èjìká, ó sì jókòó. Ó bẹ̀rẹ̀ àdúrà. Àdúrà náà kọjá iṣẹ́, ó kọjá ọ̀nà, ó ti wọ inú ọ̀rọ̀ aya tí n óò fẹ́. Fúnkẹ́ ń ṣẹ́jú sí mi láti ẹnu ọ̀nà. Lójijì ni Ìyá Ọ̀kà dákẹ́.

"Ti ìyá rẹ ní Ìkàrẹ́ ńkọ́?"

Mo rẹ́rìn-ín músẹ́. "Kò sí tiwọn, Ìyá. Tiyín nìkan ni."

Ó bọ́ kúbùsù kúrò léjìká. "Kí obìnrin yẹn máa gbọ̀n, kí èmi máa gbóná? Kí ó wá máa sọ kiri pé mo ti gba ọmọ mọ́ òun lọ́wọ́?"

"Ṣùgbọ́n, Ìyá, bí mo bá ra méjì, inú yín kì í dùn."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ?"

Mo wo Fúnkẹ́. Fúnkẹ́ ń wo àwọn adìẹ. Ìyá Ọ̀kà ká kúbùsù náà ní mẹ́rin, ó sì dá mi padà sí Ìkàrẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an, ebi ń pa mí. Nígbà tí mo dé ẹnu ọ̀nà ló tún pè mí. "Má sọ pé èmi ni mo rán ẹ," ó ní. "Kò ní fi í bora."

Ọdún díẹ̀ lẹ́yìn náà ni Ìyá Ìkàrẹ́ kú. Ó kú lójijì, láàrin ọ̀rọ̀, bó ṣe yẹ ẹ́. Ọjọ́ ìsìnkú ń bọ̀, àwọn ará Ọ̀kà sì pàdé lórí ohun tí àna yóò gbé lọ. Wọ́n fẹnu kò sórí àgbò kan àti aṣọ. Ìyá Ọ̀kà jókòó láàrin wọn, kò sọ̀rọ̀ títí wọ́n fi parí. Nígbà náà ló ní, "Ẹ má kọ orúkọ mi mọ́ ìyẹn. Èmi mọ ohun tí òun fẹ́."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wa lọ, mo wo itan rẹ̀, mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò gbé ohunkóhun. Ìyá mi náà ti rí i.

"Ìyá, ẹ má dójú tì mí ní ilé ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí a dúró ní Àkùngbá, kí a ra nǹkan."

"Sún síbẹ̀. O ń fún mi."

"Ọwọ́ lásán, Ìyá? Nílé Ìyá Ìkàrẹ́?"

"Mo ní o ń fún mi."

Nígbà tó kan àwọn àna láti kí òkú, àwọn ará Ọ̀kà fa àgbò síwájú, wọ́n tẹ́ aṣọ. Ìyá Ọ̀kà wá dìde, ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn, òfìfo ni. Mo gbọ́ tí àwọn obìnrin ilé ń kùn. Ìyá mi fi gèlè bojú. Ìyá Ọ̀kà kò pariwo, ṣùgbọ́n àgbàlá dákẹ́ débi pé gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ó ní, "Ẹ̀yin ará Ìkàrẹ́, ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Èmi ni ìyá ìyàwó yín. Iṣu tí obìnrin yìí kó wá sílé mi lọ́jọ́ ìdána, méjìlélógójì ni. Ó pé. Àbúrò mi ti mú ọ̀kan sè fún àwọn tó ru ẹrù kí n tó kà á. Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí èèpo rẹ̀ lẹ́yìn ilé ìdáná mi. Mo mọ̀, mo sì dákẹ́. Láti òní lọ, ẹni tó bá pè é ní Ó-Dín-Kan, òpùrọ́ ni, èmi tí mo bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ sì ni ọ̀gá òpùrọ́."

Ó jókòó. Bàbá mi wo ilẹ̀, omi ń bọ́ lójú rẹ̀. Nígbà náà ni ìyàwó ilé kan tó ti darúgbó, ọ̀kan nínú àwọn tó kọ́kọ́ sọ orúkọ yẹn, ké jáde pé, "Ó gbọ́ ọ! Ìyá ti gbọ́ ọ o!"

Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní, "Níbo ló ti gbọ́ ọ?"

Mo rò pé ọ̀rọ̀ obìnrin kejì yìí ló ṣì wà lọ́kàn mi jù lọ. Àwọn ènìyàn yin Ìyá Ọ̀kà lọ́jọ́ náà. Olùṣọ́ àgùntàn fi í ṣe ìwàásù. Èmi náà yìn ín, ṣùgbọ́n inú mi kò mọ́. Obìnrin kan wà tí gbogbo ayé mọ ohun tó fẹ́; ohun náà kò ní ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ọwọ́ ẹnì kan ṣoṣo ló sì wà. Ẹni náà dì í mú títí etí tó fẹ́ gbọ́ ọ fi di. Bí a ṣe ń padà lọ sí Ọ̀kà, n kò lè pa á mọ́ra.

Mo ní, "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ ọ́ nígbà tó wà láàyè?"

Ó wo òde. Ó wá ní, "Bí mo bá sọ ọ́, kí ni èmi àti òun ì bá tún máa bá ara wa sọ?"

Lẹ́yìn ìyẹn ni mo rí i pé ó ń tán lọ. Ó ṣì ń jókòó sídìí òfì, ṣùgbọ́n aṣọ kò gùn sí i. Bí mo bá gbé nǹkan dé, kò bi mí ní ìbéèrè kankan mọ́. Á gbà á, á gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́, á ní kí n jẹun. Bó bá jẹ́ tẹ́lẹ̀ ni, ẹnì kan ní àdúgbò ì bá rí ohun tó ń wá gbà kí ọ̀sẹ̀ tó parí. Nísinsìnyí nǹkan ń jókòó níbi tí a gbé wọn sí. Ẹ̀rù bà mí, nítorí mo ti ń ka ọdún, mo sì rí i pé n kò tíì mú ìpinnu mi ṣẹ. Mo ti di igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́, mo ti ní mọ́tò, mo ti ní aya àti ọmọ méjì. Owó kọ́ ló kù.

Ìgbẹ̀yìn tí mo bá a sọ̀rọ̀ tó pọ̀, kò tó oṣù méjì sí ọjọ́ ikú rẹ̀. Ọwọ́ lásán ni mo lọ. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é ni. Ọ̀sán ni, oòrùn wọ ọ̀ọ̀dẹ̀, ó jókòó sórí ẹní, ó na ẹsẹ̀, ó ń tú ìdì òwú kan tó ti lọ́ mọ́ra. Mo bá a mú òpin kejì. A tú u fún ìgbà díẹ̀. Mo wá kúnlẹ̀, èmi àgbà ọkùnrin tó ti ń hu irun funfun.

"Ìyá, mo mọ ohun tí ẹ máa sọ. Ẹ máa ní iṣẹ́ ni ẹ rán mi. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ rán mi níṣẹ́. Láti ìgbà tí mo ti ń gba owó oṣù ni mo ti ń rà, n kò tíì rà á bá rí. Ẹ sọ fún mi. Kí ni ẹ fẹ́?"

Ó fi òwú sílẹ̀. Ó wò mí, ojú rẹ̀ kún fún ìyanu, bí ẹni pé èmi ni mo ti ń fi nǹkan pamọ́ fún un láti ọjọ́ yìí wá.

"Ṣé ohun tí ẹ ń rò nìyẹn?" ó ní. "Ẹ rò pé mo mọ̀ ọ́n, mo kàn ń fi í dá yín lágara ni?"

"Ẹ kò mọ̀ ọ́n?"

"Ibo ni mo ti fẹ́ mọ̀ ọ́n? Ẹlòmíràn ni ènìyàn ń rí, ọkọ mi, kì í rí ara rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ẹsẹ̀ yín lẹ́nu ọ̀nà, tí ẹrù wà lọ́wọ́ yín, mo máa ń rò ó pé òun ló dé yìí. Pé bí wọ́n bá ti tú u, mo máa dá a mọ̀. Mo máa ní, 'Háà, òun nìyí.'"

Mo ronú nípa gbogbo ọdún wọ̀nyẹn, nípa ojú tó ń là tí kì í pẹ́.

Mo ní, "Nínú gbogbo rẹ̀, Ìyá, kò wá sí ẹyọ kan?"

Ó rò ó dáadáa. Ó rò ó tọkàntọkàn, kò fẹ́ purọ́ fún mi. Ó wá gbọn orí, ó sì na òpin òwú sí mi padà.

"Kò tíì sí," ó ní. "Ṣùgbọ́n ẹ má tíì dáwọ́ dúró o."